Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ mi ń lé mi jáde nílé: kí n tà á ni, àbí kí n dúró?

Ọmọ Ẹ̀gbá Croydon
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ní 2022 mo ra Mẹ̀sí 230E, ti 1985, irú èyí tí ọ̀gá bàbá mi máa ń gbé jáde lọ́jọ́ Sọ́ńdè l'Ábẹ́òkúta. £15,500. Bánkì ló yá mi ní £8,000 nínú rẹ̀. Nígbà yẹn gbogbo ayé ló ń sọ pé mọ́tò àtijọ́ sàn ju owó tó sùn sí bánkì lọ. Mo tún ná bíi £5,000 lé e kí ó lè dùn ún wò. Lánàá alágbàtà kan wá wò ó, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó kúnlẹ̀ yọjú sábẹ́ rẹ̀, ó ní £8,500. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.
Mọ́géèjì wa, gbèsè tí a fi ra ilé, èlé 1.9% tí a ti ń san lórí rẹ̀ láti ọdún márùn-ún ń parí lóṣù tó ń bọ̀. Bánkì ti kọ̀wé pé £340 ló máa lé lórí ohun tí à ń san lóṣooṣù. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan o. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Alágbàtà ní òun ń retí èsì mi lọ́jọ́ Ajé. Kí n tà á, àbí kí n dúró kí ọjà gbéra?

Ìyá Ìbejì Leeds
Má ta nǹkan kan lálẹ́ òní. Gbọ́ mi? Ìjàpá ọkọ mi, ti 1972, a tà á nínú oṣù kọkànlá nítorí pé bọ́ílà bàjẹ́, ilé tutù bíi fìríìjì. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ti ṣú ní aago mẹ́rin, ta ló ń ra Ìjàpá nínú òtútù? Ẹnìkan ṣoṣo ló wá, ó sì mọ̀ pé òun nìkan ló wá. Nígbà tó di oṣù kẹrin mo rí i lórí fóònù, wọ́n fi £3,000 lé e. Wọn ò ṣe nǹkan kan sí i o. Wọ́n kàn fọ̀ ọ́ ni.

Àgbà Peckham
Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí dàgbà jù yín lọ. Ní 1988 mo ń fọ mọ́tò fún ilé ìtajà kan ní London. Ọjà ṣíà ti dà wó nínú oṣù kẹwàá 1987, àwọn olówó ò fọkàn tán bébà mọ́, nǹkan tí wọ́n lè fọwọ́ gbá ni wọ́n ń wá. Enzo Ferrari, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ mọ́tò Ferrari sílẹ̀, wá lọ kú nínú oṣù kẹjọ 1988. Háà! Ẹni tí kò mọ jíà yí ń ra Ferrari. Á tì í mọ́ gáréèjì, á ní òun ń dúró dè é. Owó bánkì ni púpọ̀ nínú wọn fi ń rà á.
Nígbà tó di oṣù kẹwàá 1989, èlé Bank of England, bánkì àpapọ̀ ibí, ti di 15%. Àwọn tó fi owó ara wọn rà á fi aṣọ bo tiwọn, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn tó yáwó ni wọ́n ń gbé e padà wá bá ọ̀gá mi, ọ̀gá mi ò sì jáde sí wọn mọ́. Èmi ni wọ́n ń rán láti sọ pé kò sí nílé.
Nítorí náà ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. £8,000 yẹn, mélòó ló kù nínú rẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀gbá Croydon
£3,100, sà.

Àgbà Peckham
Ìwọ ò tíì kú nìyẹn. Gbé omi mu.

Mẹkáníìkì Manchester
Bàbá ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi tòde òní kún un, torí ojoojúmọ́ ni mò ń rí wọn ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ní 2020 a wà nílé, kò síbi téèyàn fẹ́ ná owó sí, èlé sì wà ní 0.1%. Àwọn èèyàn ń fi fóònù ra mọ́tò ní gbàǹjo bí ẹni ra bàtà. Láti oṣù kejìlá 2021 ni èlé ti ń gun àkàbà, ó dé 5.25% nínú oṣù kẹjọ 2023. Ó ti ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti 2024, ṣùgbọ́n kò ní padà sí 0.1% yẹn nítorí tìẹ.
Ẹni tó máa ra mọ́tò £15,000, ta ni? Ẹni tó ní mọ́géèjì bíi tìẹ ni! Lẹ́tà tí bánkì kọ sí ọ ló kọ sí òun náà. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò olówó àárín yìí fi ń jẹ̀yà jù. Nínú oṣù karùn-ún 2022, ọdún tí o ra tìẹ gan-an, wọ́n ta 300 SLR kan ní Stuttgart ní mílíọ̀nù 135 yúrò. Mẹ̀sí ni òun náà. Ẹni tó rà á ò bi ìyàwó rẹ̀ léèrè nípa bọ́ílà.
Ọ̀rọ̀ mìíràn tún ni pé ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó mọ́tò jọ ti ń yí padà. Àwọn bàbá tó fẹ́ràn mọ́tò 1950s ti ń darúgbó, àwọn míì ti lọ, ọmọ wọn ò sì fẹ́ ẹ. Ẹni ogójì, àádọ́ta ọdún ló ń rà báyìí, ohun tó rí nígbà tó wà ní kékeré ló fẹ́. Ìyẹn dáa fún tìẹ. Ṣùgbọ́n £5,000 yẹn, kí ni o fi ṣe?

Ọmọ Ẹ̀gbá Croydon
Ó wà ní àwọ̀ ewé tẹ́lẹ̀, ó ti ń ṣá. Mo ní kí wọ́n kùn ún ní dúdú. Dúdú ló yẹ Mẹ̀sí. Mo tún yọ aṣọ ìjókòó, mo fi awọ sí i.

Mẹkáníìkì Manchester
Yéè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Tottenham
Ó parí.

Ọ̀gá Houston
Dúdú! Ọmọkùnrin yìí ti pa ẹran rẹ̀ jẹ.

Ìyá Ìbejì Leeds
Kí ló dé tí ẹ ń pariwo? Kí ni ọmọ yìí ṣe tí bàbá yín ò ṣe? Nílé, ẹni tó bá ra Tòkunbọ̀, ọ̀dọ̀ panẹbítà ló kọ́kọ́ ń gbé e lọ kí ará àdúgbò tó rí i. Kí mọ́tò máa dán, ṣé ìyẹn ti wá di ẹ̀ṣẹ̀?

Mẹkáníìkì Manchester
Àǹtí mi, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wà á. Níbí tí wọ́n ti ń kó o jọ, ọ̀dà tó kúrò ní ilé iṣẹ́ ni ìwé ẹ̀rí. Tó bá ṣá, kó ṣá. Ọ̀dà tuntun dà bí aṣọ funfun lára ẹni tó ti ń jà: wọ́n á fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí alágbàtà yẹn fi kúnlẹ̀. Ó ń wo ibi tí a ti ń fi jáàkì sí, ibẹ̀ ni irú Mẹ̀sí yẹn ti ń dípẹtà. Àwọn kan á mú mágínẹ́ẹ̀tì wá, wọ́n á fi í kan ara mọ́tò. Níbi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì tí wọ́n fi dí ihò ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin.

Ìyá Ìbejì Leeds
Tí ọmọ yìí bá gbé mọ́tò tó ti ṣá lọ sí ìgbéyàwó, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Mẹkáníìkì Manchester
Òótọ́ ni, mo máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo máa rà á.

Àgbà Peckham
Èmi ò rí àṣìṣe nínú ọ̀dà. Owó yíyá ni àṣìṣe. Ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ ra mọ́tò, kó kùn ún ní àwọ̀ òdòdó tó bá wù ú.

Mẹkáníìkì Manchester
Bàbá, mo gbà. Síbẹ̀ ọ̀dà yẹn ti jẹ £2,000 lára owó tó yẹ kí wọ́n fún un. Croydon, ṣé o ya fọ́tò nígbà tí wọ́n há ọ̀dà àtijọ́ kúrò, tí irin wà níhòòhò?

Ọmọ Ẹ̀gbá Croydon
Mo ya fọ́tò bíi ogójì. Mò ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo ìgbà láti fi ṣe fáàrí.

Mẹkáníìkì Manchester
Fáàrí yẹn ló máa gbà ọ́ là. Tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, kó o pọ̀ mọ́ àwọn rìsíìtì. Aṣọ ìjókòó àtijọ́ ńkọ́? Má sọ fún mi pé o ti dà á nù.

Ọmọ Ẹ̀gbá Croydon
Ó wà ní àjà ilé.

Mẹkáníìkì Manchester
Olúwa ṣeun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Tottenham
Kí n tó gbàgbé, ẹ gbọ́ tèmi, torí mo sanwó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n ní mọ́tò tó bá ti pé ogójì ọdún kì í san £12.50 tí London ń gbà lójúmọ́ lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín rẹ̀ pọ̀. Mo ní tèmi ti pé ogójì, mo wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè mẹ́ta. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ orí nìkan ò tó, àfi kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ lọ yí irú owó orí mọ́tò náà padà sí ti mọ́tò àtijọ́. Ìwé ìtanràn mẹ́ta, £180 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Téèyàn bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14, ìdajì ni. Àdírẹ́sì ilé wa àtijọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ máa ṣírò.
Ti Croydon, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé 1985 ni wọ́n ṣe é, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2026 ni tirẹ̀ bọ́ sí i. Mú ìwé mọ́tò lọ sí Post Office. Tí o bá fẹ́ tà á, ṣe é kí o tó tà á, ará London ò ní ra èyí tó ń jẹ £12.50 lójúmọ́.

Ìyá Ìbejì Leeds
Wọn ò ní béèrè MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún, náà mọ́ nìyẹn?

Mẹkáníìkì Manchester
Wọn ò ní í fi dandan lé e. Ṣùgbọ́n kó ṣe é. Ẹni tó ń rà fẹ́ rí i. Kó sì má bu E10, epo tí wọ́n po ethanol mọ́, sí i o, látìgbà tí wọ́n ti gbé epo yẹn dé ní 2021 ni mo ti ń pààrọ̀ rọ́bà inú mọ́tò àtijọ́ bí ẹni pààrọ̀ ìlédìí.

Mẹkáníìkì Manchester
Kí n sì rán yín létí pé ní Manchester, a kì í san owó èémí. Ẹ̀yin ará London lẹ ń ra afẹ́fẹ́ kí ẹ tó mí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Tottenham
Ẹ̀yin tí òjò ń rọ̀ lé lórí láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Ta ló fẹ́ mí afẹ́fẹ́ yín? Omi ni.

Ọ̀gá Houston
Ẹ fi àwọn aláàárẹ̀ wọ̀nyí sílẹ̀. Croydon, gbé e wá sí Texas. Níbí oòrùn wà, kò sí ìpẹtà, tó bá ti pé ọdún 25 wọ́n á fún un ní nọ́ńbà mọ́tò àtijọ́. Owó ibodè 25% tí wọ́n gbé lé mọ́tò ilẹ̀ òkèèrè ní 2025, kò kan èyí tó ti lé ní ọdún 25.

Mẹkáníìkì Manchester
Sítíárì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀gá.

Ọ̀gá Houston
A máa jókòó sẹ́yìn, àwa ò kí ń wakọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Tottenham
Ẹ ò sì sọ fún un pé ní Amẹ́ríkà, tí èèyàn bá jèrè lórí mọ́tò, ìjọba máa gba tirẹ̀. Ní UK ńbí wọn kì í gba owó orí lórí èrè mọ́tò tara ẹni.

Àgbà Peckham
Èrè wo? Ìjọba tí kì í pín èrè kì í pín àdánù náà.

Àbúrò Toronto
Ẹ kú àsọyé o. Níbí, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà yìnyín ti jẹ ìsàlẹ̀ Pijó 504 mi tán. Mo fi £… ẹ jọ̀ọ́, dọ́là ni, tiyín ti wọ̀ mí lẹ́nu. Mi ò ní sọ iye rẹ̀. Ṣé Croydon ò lè kúkú gbé e ránṣẹ́ sílé? Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ á pawó l'Ékòó.

Ọ̀gá Houston
Kọ́sítọ́ọ̀mù ò gbà. Tòkunbọ̀ tó bá ti lé ní ọdún 12 ò gbọdọ̀ wọlé.

Ìyá Ìbejì Leeds
Ilé tó kún fún mọ́tò ọgbọ̀n ọdún ló ń lé mọ́tò àgbà padà. Ẹ gbà mí o.

Àgbà Peckham
Àti pé sítíárì ọwọ́ ọ̀tún ò bá títì ilé mu mọ́: láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò lọ́wọ́ òsì títì. Mo wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ò gbé mọ́tò jáde fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kí àwọn òmùgọ̀ kọ́kọ́ dán an wò.

Àbúrò Toronto
Bàbá, Pijó ni wọ́n ń wà?

Àgbà Peckham
Morris Minor. Pijó dé lẹ́yìn. Nígbà tí Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní 1975 ni olúkúlùkù sọ pé òun máa ra tòun. Ẹ rántí èyí tó gùn, tó ń ti Ìwó Road lọ sí Ifẹ̀? Èèyàn mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, dírẹ́bà á tún ní kí ẹ súnra kì.

Ìyá Ìbejì Leeds
Èmi ni wọ́n ń fi sẹ́yìn pátápátá, orúnkún mi ní àgbọ̀n. Tí a bá dé Ìkirè tí wọ́n bá na dòdò wọ fèrèsé, mi ò ní í lè nawọ́.

Àbúrò Toronto
Ẹ má dárúkọ dòdò Ìkirè fún mi ní àárín oru.

Ọ̀gá Houston
Ó wà ní Houston. Ìyáàfin kan ń dín in ní Bissonnet.

Ìyá Ìbejì Leeds
Irọ́ ni. Àgbàgbà wo? Epo wo? Ẹ̀yin Houston, gbogbo nǹkan ló wà lọ́dọ̀ yín.

Ọmọ Ẹ̀gbá Croydon
Ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ Ajé. £8,500. Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Mẹkáníìkì Manchester
Bẹ́ẹ̀ kọ́ fún alágbàtà yẹn. Fún ẹlòmíràn, fọ́tò ni kó o kọ́kọ́ tẹ̀ ná. Ọyẹ́ inú rẹ̀, A/C yẹn, ńkọ́, ó ń fẹ́?

Ọmọ Ẹ̀gbá Croydon
Kò fẹ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á.

Àgbà Peckham
Mẹ̀sí aláìlọ́yẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Ẹ̀gbá Croydon
Ìyẹn ń ṣiṣẹ́, sà. Ojú kejì nìkan. Ìyàwó mi wà nínú rẹ̀ báyìí, níwájú ilé, ó ti tan rédíò, kò tíì wọlé.