Ọmọ mi ọdún 12 fẹ́ ṣí TikTok, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọbìnrin mi ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ kó ṣí TikTok, torí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ọdún 13 ni TikTok ní kí ọmọ pé kó tó wọlé, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí irọ́ ni àwọn ọmọ ń kọ. TikTok kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 gba àtẹ̀jíṣẹ́ ìkọ̀kọ̀. Ọmọ tó bá ti purọ́ pé òun ti pé ọdún 16 ti pàdánù ààbò yẹn nìyẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí, pẹ̀lú fídíò tí kì í tán tó ń gba oorun lójú ọmọ.

Mi ò lè pe irú ìkànnì ayélujára báyìí ní ohun burúkú. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, orí Instagram sì ni àwọn oníbàárà mi ní London ti ń rí ọjà.

Bàbá rẹ̀ ní kí n gba fóònù náà pátápátá. Ìyẹn le jù lójú tèmi. Ṣé kí n ní kó dúró di ọdún tó ń bọ̀, ká wá lo Family Pairing, ètò TikTok tí òbí fi ń ṣàkóso àkáǹtì ọmọ, láti dín àkókò rẹ̀ kù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ṣé ó ṣiṣẹ́?