Ọmọ mi tí wọ́n ṣe òpérásíọ̀n ìsanra fún kì í bá wa sọ̀rọ̀ mọ́

Ìyá Àdùnní, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, ọ̀dọ̀ tàǹtí ẹ̀ ló ń gbé ní Faransé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe òpérásíọ̀n fún un lésìí, wọ́n gé bí ìdá 4 nínú 5 àpò oúnjẹ inú ẹ̀ kúrò torí ìsanra ti ń fa ìtọ̀ ṣúgà fún un. Ó ti fọn, ṣúgà ẹ̀ ti wálẹ̀, mo dúpẹ́. Àmọ́ àtìgbà tó ti wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, bá a bá dé ọjà Wàndó wọ́n á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, "ṣé kì í ṣe sídà?", ó sì ń gbọ́. Níbi ìnáwó, ìyá bàbá ẹ̀ bu iyán fún un, ó jẹ òkèlè mélòó kan ó dúró, màmá ní ọmọ ń fojú di òun. Aṣọ alápá gígùn ló ń wọ̀ nínú ooru yìí torí awọ apá ẹ̀ ti so rọ̀, ó ń sunkún lóru. Tàǹtí ẹ̀ ní kí n fi sílẹ̀, pé ìbànújẹ́ náà á lọ fúnra ẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́ màmá. Ẹ gbàdúrà fún un, kẹ́ ẹ sì máa fún un lóúnjẹ dáadáa, ara ẹ̀ á padà bọ̀ sípò.

Nọ́ọ̀sì Kétu:
Bàbá Ìbejì ẹ má bínú, àdúrà dáa, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fipá bọ́ ọ o, tó bá jẹ jù á bì. Màmá, ẹ má fi sílẹ̀. Ikùn ni ọ̀bẹ dé, kò dé ọkàn. Ní Súwídìn wọ́n tẹ̀lé ọmọ 81 tí wọ́n ṣe òpérásíọ̀n ìsanra fún láàárín 2006 sí 2009 (irú tiwọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiẹ̀), ọmọ ọdún 13 sí 18 ni wọ́n, lẹ́yìn ọdún 5 wọ́n ṣì fúyẹ́, àmọ́ ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà torí ìbànújẹ́ ọkàn ò dín kù. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í gbangba bóyá ó ń ronú láti pa ara ẹ̀, bíbèèrè ò ní kó o sí i lórí, tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í dá wà, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ pe àwọn dókítà ẹ̀ ní Faransé náà, kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀ nípa ọkàn fún un, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, fitamíìnì tó gbọ́dọ̀ máa lò títí ayé ni. Kó má fẹnu kan sódàbì, ọtí tètè ń gun ẹni tí wọ́n ṣe é fún.

Ìyá Rìsí, Àjàṣẹ́:
Ti ìyá bàbá ẹ̀ yẹn, kí bàbá ọmọ lọ bá màmá ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ẹ̀yin kọ́, torí ìyàwó ilé lẹ jẹ́. Kó sọ fún màmá pé ọmọ ò yájú, àyè tí oúnjẹ máa gbà ni ò sí.

Ìyá Àdùnní:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pe bàbá ẹ̀, ó ní òun á lọ lálẹ́ òní. Èmi àtọmọ náà á jókòó tó bá jí.