Ṣé ikú bàbá Awólọ́wọ̀ ló bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá lórí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìwé rẹ̀ ní inú ìṣẹ́ ni wọ́n bí i sí. Ohun tí àwọn àgbà n'Íkẹ́nnẹ́ sì sọ fún mi ni pé bàbá rẹ̀ rí jájẹ dáadáa. Èwo ni ká mú? Ṣé ilé tó ti jáde ló sún un dé ìdí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àbí ọgbọ́n ìṣèlú ni?

Bàbá Olùkọ́:
Ìyá Ìbejì, òótọ́ ni àwọn àgbà yẹn sọ. Àgbẹ̀ ni David Ṣópólú bàbá rẹ̀, ó tún ń ṣe lagilagi. Ó tètè gba ìgbàgbọ́, ó sì fi ọmọ síléèwé. Ọdún 1920 ló kú, nígbà tí Awólọ́wọ̀ wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 11. Ọmọ tí wọ́n ń sanwó fún wá di ẹni tó ń ṣẹ́gi, tó ń pọnmi l'Abẹ́òkúta kó tó rówó ilé-ìwé san.

Ó ti jókòó ní kíláàsì, ó ti mọ adùn ìwé, kí ikú ẹnì kan ṣoṣo tó tì í síta. Ìyẹn ló yàtọ̀ sí ìṣẹ́ tí wọ́n bá ọmọ bí. Lójú tèmi, ohun tó ń lé kiri ni pé kí ẹ̀kọ́ ọmọ má bá bàbá rẹ̀ wọ kòtò.

Oko kòkó n'Íjẹ̀ṣà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi kú ní 1954. Ní Jánúárì 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyá mi mú mi lọ síléèwé. Tíṣà ní kí n na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí n fi kan etí òsì. Ìka mi kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Ló bá kọ orúkọ mi. Ìyá mi tú etí ìró rẹ̀ níbi tó di ṣílè sí, tíṣà ní kó dá a padà. Ó ṣì mú un lọ́wọ́ títí a fi délé.

Ọmọ Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun, bàbá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olórí ló jìyà ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n dépò tí wọn ò rántí.

Bàbá Olùkọ́:
O ò purọ́, ọmọ mi. Ìyà nìkan kò tó. Owó orí tí wọ́n fẹ́ fi gbé ètò náà bí aráàlú nínú, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀ sì fìdí rẹmi n'Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954. Kò jáwọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwa ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti kà á sí ọmọ mi létí, bàbá. Ó wà lórí ìdúró báyìí, ó ń na ọwọ́ gba orí kọjá.