Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìrìnàjò màmá mi sí Mòrókò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọmọ Tijániyà, ìyẹn ẹgbẹ́ Súúfí kan nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ni màmá mi, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ ṣàbẹ̀wò sí sàárè Ṣéèhù Ahmad Tijani, tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, tó sì kú ní Fez lọ́dún 1815. Oṣù Kejìlá yìí la fẹ́ lọ. Afinimọ̀nà máa mú wa láti Casablanca dé Fez, lẹ́yìn náà aṣálẹ̀ Merzouga, kí a tó gba Ouarzazate lọ sí Marrakech.

Ọ̀rọ̀ Fez ló jẹ mí lógún jù. Mọ́tò kì í wọ inú ìlú àtijọ́ yẹn, ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ó ń gòkè, ó ń sọ̀, bẹ́ẹ̀ orúnkún ń yọ màmá lẹ́nu. Ta ló ti mú àgbàlagbà débẹ̀ rí? Ẹnubodè wo ló sún mọ́ sàárè náà jù? Ṣé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìsàn lè kọjá níbẹ̀?

Láti Fez dé Merzouga lé ní 450 kìlómítà, òkè Atlas sì wà lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo la máa rìn ín. Lójú tèmi, ó pọ̀ jù. Ṣé kí a sùn ní Midelt ni? Òtútù òru nínú àgọ́ tí a máa sùn sí ní aṣálẹ̀ náà ń kọ mí lóminú, ṣùgbọ́n màmá fẹ́ rí òkìtì iyanrìn yẹn gan-an, mi ò sì fẹ́ já wọn kulẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti lọ rí, kó bá mi dá sí i.