Indiana Jones kẹta: kí ló dé tí kì í sú wa?

Ọmọ Ìsánlú
Ọ̀kun gbogbo ilé o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n mú iná wá ní Ìsánlú lópin ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi fíìmù hàn àwọn, mo bá fi Indiana Jones and the Last Crusade sí i, èyí tó jáde ní 1989 yẹn, mo rò pé wọ́n á sùn lọ ni torí èyí tí wọ́n ń wò lórí fóònù báyìí kọ̀ǹpútà ló ń ya gbogbo ẹ̀, àmọ́ wọn ò mira títí ó fi parí, èyí tó kéré jù tiẹ̀ ní ká tún un fi sí i. Kí ló wà nínú fíìmù yẹn gan-an? Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni o! Àwa náà mọ bí fíìmù ṣe máa ń rí tó bá ti di Part 2 Part 3, omi ni wọ́n máa ń bù sí ọbẹ̀.

Bàbá Ìbejì Kàbà
Bàbá yẹn ni. Nínú ti àkọ́kọ́ ní 1981, kò sẹ́ni tó lè bá Indy, Indiana Jones fúnra ẹ̀, wí. Spielberg tó darí fíìmù yẹn wá lọ gbé Sean Connery wá ṣe bàbá ẹ̀, ọkùnrin tó ń lu àwọn Nazi kiri bá di ọmọdé lójú ẹsẹ̀. Junior ni bàbá ń pè é ṣáá. Ó fi orúkọ Jésù ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, bàbá fọ́ ọ létí. Èmi tí mo ti bímọ yìí náà, tí mo bá délé, “ìwọ ọmọ yìí” ni bàbá mi ń pè mí níwájú ìyàwó mi. Ọdún 12 péré ni Connery sì fi ju Harrison Ford tó ṣe Indy lọ o, ẹ ò lè mọ̀. Ibi tó wá pa mí ni ìgbà tí ilẹ̀ là, tí Indy ń nawọ́ sí ife yẹn, èyí tí wọ́n ní Jésù fi mu wáìnì, tó kù díẹ̀ kó jábọ́, bàbá tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ wá ife yẹn wá rọra pè é ní Indiana, orúkọ tí ọmọ fúnra ẹ̀ yàn tí bàbá kì í fẹ́ pè, ó ní kó fi í sílẹ̀. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa.

Adùkẹ́ Mopa
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń yin bàbá, ẹ ò sọ ti Elsa, obìnrin inú fíìmù yẹn. Bàbá àtọmọ, obìnrin kan ṣoṣo! Wọ́n tún ń fi ṣe àwàdà! Lọ́dọ̀ tiwa, ẹbí á pé jọ lé e lórí ni. Èmi àti bàbá ọkọ mi la jọ ń wò ó, bó ṣe débẹ̀ ni mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná o.

Ọmọ Ayétòrò
Hahaha Àǹtí Adùkẹ́!!! Àmọ́ èmi ò gbà pé ti bàbá nìkan ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹni tó fò látorí ẹṣin bọ́ sórí ọkọ̀ ogun yẹn, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló fò ó, Vic Armstrong ni, òun ló máa ń rọ́pò Ford níbi tó bá léwu. Eku tó kún abẹ́ ilẹ̀ ní Venice yẹn, eku gidi pọ̀ níbẹ̀, wọ́n dìídì sìn wọ́n fún fíìmù yẹn ni. Ilé tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta níparí, Petra ni, ní Jọ́dánì, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, inú ẹ̀ nìkan ni wọ́n lọ kọ́ sí stúdíò ní England. Òskà kan tó gbà, ti ìró ni, ẹ sì gbọ́ bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe máa ń dún nínú ẹ̀, etí ẹ á gbóná. Ẹ wá wo ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ti 2008, èèrà kọ̀ǹpútà, ọ̀bọ kọ̀ǹpútà, ta ló ń rántí ẹ̀?

Ọmọ Ìsánlú
Ti eku yẹn, àwọn ọmọ bi mí pé kí ló dé tí wọn ò pa á jẹ. Mi ò rí ìdáhùn.

Bàbá Ìbejì Kàbà
Ọmọ Okun pọ́ńbélé 😂
Ọmọ Ayétòrò, mo gbọ́ o, ṣùgbọ́n ẹlẹ́ẹ̀kejì ní 1984 náà, èèyàn gidi ló ń fò nínú ẹ̀, afárá já lóòótọ́, kí ló dé tí a kì í fi han ọmọdé? Wọ́n fa ọkàn yọ láyà èèyàn! Fíìmù yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí Amẹ́ríkà dá PG-13 sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an, àmì tó ń kìlọ̀ fún òbí pé fíìmù lè má dáa fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú ẹlẹ́ẹ̀kẹta a mọ ẹni tí ẹ̀mí ẹ̀ fẹ́ bọ́, a sì mọ ohun tí ọmọ ẹ̀ ò tíì bá a sọ. Wọ́n yìnbọn fún bàbá kí Indy lè lọ mú ife tó ń woni sàn yẹn wá, látìgbà yẹn ta ló tún ń ronú wúrà?

Adùkẹ́ Mopa
Ó dáa, mo gbà fún yín lórí ìyẹn. Ibi tí ọkùnrin olówó yẹn ti mu nínú ife tó ń dán, tó gbó lẹ́ẹ̀kan náà tó di eegun, mo ṣì máa ń bojú. Àmọ́ ti Elsa yẹn, mi ò tíì dárí jì wọ́n o.

Ọmọ Ayétòrò
Ṣé ẹ ti wá sọ fún bàbá ọkọ yín pé kò sí ọbẹ̀?