Mo fẹ́ fiṣẹ́ bánkì sílẹ̀ kí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin lọ máa dáko pọ̀, ta ló ti ṣe é rí?

Àdùkẹ́_Èkó:
Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i, àmọ́ tèmi náà ti dé báyìí. Mo ti pé ọmọ ọdún 35, ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ bánkì l'Ékòó. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń jí, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kun àtíkè, ìgbà tí n bá fi máa padà délé ọmọ mi ti sùn. Tágẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Tó o bá lé e bá lóṣù yìí, wọ́n á gbé e sókè sí i lóṣù tó ń bọ̀.

Àwa márùn-ún kan wà tá a ti jọ wà láti yunifásítì. Ọdún méjì rèé tá a ti ń sọ ọ́ lórí WhatsApp pé ká fiṣẹ́ sílẹ̀, ká da owó pọ̀, ká gba ilẹ̀ bí éékà méjìlá lọ́nà Ìsẹ́yìn tàbí Ọ̀dẹ̀dá, ká kọ́ ilé kéékèèké yí àgbàlá kan ká, ìkòkò kan, àpò kan, ká sì máa dáko lọ́nà tí wọ́n ń pè ní regenerative yẹn, ìyẹn ni pé kò sí fatiláísà, kò sí oògùn apakoríko, ilẹ̀ fúnra ẹ̀ lèèyàn á máa tọ́jú kó lè máa lọ́ràá sí i dípò kó máa ṣá. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kọ́kọ́ rìnrìn àjò oṣù mẹ́ta ná, ká gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Àjàṣẹ́ ní Benin lọ wo Songhai, oko ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ àgbẹ̀, ká gba Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ gòkè, ká dé Atakpamé ní Tógò lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ní èdè wọn jọ tiwa.

Ìyá mi gbọ́, ló bá bú sẹ́kún. Ó ní gbogbo kòkó tí bàbá mi tà, torí kí n má bàa di ọkọ́ mú ni, èmi ni mo wá fẹ́ fẹsẹ̀ ara mi rìn padà síbẹ̀. Mi ò rí èsì fún un. Ṣé kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ni àbí kí n ní sùúrù? Ìgbà wo loko máa bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wa?

Ẹlẹ́mu_Kan:
Àǹtí, ìbéèrè kan péré. Nínú ẹ̀yin márààrún, ta ló ti kọ ọgọ́rùn-ún ebè rí lójúmọ́? Àwọn tó ń ṣe fídíò oko lórí YouTube yìí, wọn kì í ya ìrọ́lẹ́ tí wọ́n bá ń fi òrí ra ọwọ́ tó bó.

Bàbá_Wèrèpè:
Ẹlẹ́mu ẹ rọra o, àmọ́ ẹ ò parọ́. Àdùkẹ́ àbúrò mi, èmi ti ṣe é. Ilé iṣẹ́ fóònù ni mo wà kí n tó kúrò ní 2018, ọ̀nà Ìsẹ́yìn tó o dárúkọ yẹn náà ni mo wà. Ilẹ̀ tí wọ́n fún mi, tí mo ń yọ̀ pé owó ẹ̀ ò ga, koríko ẹ̀kan ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Àgbẹ̀ tó bá rí ẹ̀kan ti mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀hún ti ṣá nìyẹn, wọ́n ti lò ó lò ó láìjẹ́ kó sinmi. Ẹnu gbòǹgbò ẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, á gún iṣu láti ẹ̀gbẹ́ kan já sí ìkejì. O ro ó lónìí, kó o tó dá ọjọ́ mẹ́rìnlá ó ti yọrí.

Gbogbo èèyàn ní kí n da oògùn sí i, mo kọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ìhà Mono ní Benin ni mo ti gbọ́ nípa wèrèpè, láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń fi bá ẹ̀kan jà lọ́hùn-ún. Kì í ṣe èyí tó ń yún èèyàn lára tẹ́ ẹ mọ̀ o, ìbátan ẹ̀ ni, èèpo tiẹ̀ ò nírun yẹn. Mucuna lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Ọjọ́ tí mo sọ fún àwọn alágbàṣe pé wèrèpè la fẹ́ gbìn, méjì ti gbé ọkọ́ kọ́ èjìká pé àwọn ń lọlé, ẹnì kẹta wò mí lójú, ó ní ọ̀gá, ta lẹ fẹ́ fi ṣe? Àfìgbà tí mo mú èèpo ẹ̀, tí mo fi ra ọrùn ara mi lójú wọn.

Àṣìṣe tí mo wá ṣe ni pé mo gbìn ín sáàárín àgbàdo nígbà tí àgbàdo ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ó ti gùn ún, ó ti wé e lọ́rùn, ó ti fà á lulẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo débẹ̀, ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan tẹ́ aṣọ sórí oko, mi ò rí àgbàdo kankan. Nǹkan bí 40 ọjọ́ lẹ́yìn tágbàdo ti wọlẹ̀ ló yẹ kéèyàn gbìn ín. Lọ́dún kejì mo ṣe é bó ṣe yẹ, ó bo ilẹ̀ pátápátá, ẹ̀kan ò rí oòrùn mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn òun náà á gbẹ, ewé ẹ̀ á sùn sílẹ̀ bí ẹní. O ò ní kó o kúrò o, àárín ẹ̀ lo máa lu ihò àgbàdo sí tójò bá dé. Tọwọ́ bọ abẹ́ ẹní yẹn lọ́sàn-án gangan, á tutù, wàá bá ekòló níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ekòló nílẹ̀ yẹn mo pe ìyàwó mi lórí fóònù, ó rò pé nǹkan ti ṣe mí.

Ẹ̀ẹ̀rùn 2020, iná àwọn ọdẹ wọlé. Wákàtí kan ò pé tó fi jó gbogbo ẹní yẹn tán, torí pé mi ò ro ààlà yí oko ká. Nítorí náà ọdún mẹ́ta gbáko ni mi ò jẹun nínú ilẹ̀ yẹn. Owó tíṣà ìyàwó mi la ń jẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn kan ti ń pè mí ní akọni níbí.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀dẹ̀dá:
Bàbá Wèrèpè ti sọ ti ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èèyàn.

Àwa mẹ́fà la bẹ̀rẹ̀, ìkòkò kan àpò kan bí tiyín gẹ́lẹ́. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Lẹ́yìn náà àbúrò ẹnì kan wá kí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò, ó ń jẹ nínú gààrí gbogbo wa, ta ló fẹ́ sọ fún àlejò pé kó má jẹun? Ìyá ẹlòmíì ṣàìsàn, ó mú owó nínú àpò, ta ló fẹ́ ní kí wọ́n má tọ́jú ìyá? Ẹni kan kì í jí kó tó di aago mẹ́jọ, ó ní òun ló ń ṣe àkáǹtì lóru. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ká má lọ ba ọ̀rẹ́ jẹ́, ká ṣáà máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí mo dé ìdí stọ́ọ̀ tí mo rí àgádágodo tuntun lára ilẹ̀kùn, tí mi ò sì mọ ẹni tó fi í síbẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti tán.

Àwa mẹ́ta la ṣẹ́ kù. Bàbá arúgbó kan ládùúgbò ló bi wá pé ta ló sọ fún yín pé báyìí làwa ń ṣe é láyé àtijọ́? Ó ní aáró làwọn ń ṣe, oníkálukú ló ní oko tiẹ̀. Lónìí gbogbo wa á ṣe tèmi, lọ́la a ó ṣe tìẹ, tó ò bá wá sí tèmi mi ò ní í wá sí tìẹ, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀wẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn ẹni tó bẹ̀ ẹ́ ló máa bọ́ èèyàn. La bá pín ilẹ̀, kálukú sì ń dá ìkòkò tiẹ̀ gbé kaná. Ohun tá a jọ ní ò ju kànga dẹ̀ǹgẹ̀, ẹ̀rọ tá a fi ń rin ẹ̀gẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ. Ọjọ́bọ̀ ni aáró wa. Ọdún karùn-ún rèé, a ò tíì jà débi tá a ti ń kọ́ àgádágodo.

Ẹ tún fọkàn sí ti ìwé ilẹ̀. Orúkọ ta ló máa wà níbẹ̀? Ilẹ̀ ẹbí, ẹnì kan ò lè dá a tà, olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹ mú lọ́yà dání. Tó bá sì jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀ lẹ fẹ́ máa san, ẹ bi wọ́n nípa igi kẹ́ ẹ tó gbin ẹyọ kan. Èmi gbin agúnmániyè sójú ìlà torí ewé ẹ̀ dáa fún ilẹ̀, iṣu sì lè gùn ún dípò ọ̀pá. Kò pé oṣù méjì táwọn onílẹ̀ fi dé, wọ́n ní ẹni tó bá gbin igi ti ń sọ pé òun ló nilẹ̀. Ẹmu àti orógbó ni mo fi bẹ̀ wọ́n.

Ọmọ_Sẹ́tílà:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o ẹ̀yin ọmọ. Farm settlement Ìlọrà ni wọ́n bí mi sí ní 1964, sẹ́tílà ni bàbá mi. Ìjọba Wẹ́sítáànì ló dá a sílẹ̀ láàárín 1959 sí 1960, ìlànà moshav àwọn ará Ísírẹ́lì ni wọ́n wò, ìyẹn abúlé àgbẹ̀ tí kálukú ti ní oko tiẹ̀ àmọ́ tí wọ́n jọ ń ran ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni wọ́n kó lọ kọ́ iṣẹ́ fún ọdún méjì, wọ́n wá fún wọn nílé, ní ilẹ̀, wọ́n yá wọn lówó. Ilé tó dáa ni o, ju tàwọn ará abúlé tó yí wa ká lọ. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kó ẹrù wọn lọ. Bàbá mi sọ pé aládùúgbò òun kan kí òun pé ó dàárọ̀, nígbà tílẹ̀ mọ́ ilé ti ṣófo. Gbèsè ìjọba ń ga, owó oko ò tètè dé, ọ̀rẹ́ wọn tó wà ní Ìbàdàn ń gba owó oṣù. Bàbá mi dúró torí adìyẹ. Ẹyin ń wọlé lójoojúmọ́. Nítorí náà kí ẹ tó ronú igi àti ilẹ̀ ọlọ́ràá, kí lẹ máa tà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?

Àmọ́ mi ò fara mọ́ ẹni tó bá ní àpò kan ò ṣeé ṣe láàárín Yorùbá. Ẹ ò gbọ́ nípa Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ ni? 1947 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, ìjọ kan ni gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ní owó tara ẹ̀, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà. Ó tó ogún ọdún kí wọ́n tó yí i padà kí kálukú máa ní tiẹ̀. Òkun ló ń jẹ ìlú náà lọ báyìí, ó dunni. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀, wọ́n sì ní ọba tí gbogbo wọn ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Nínú ẹ̀yin márùn-ún, ta lọba?

Bọ̀dé_Peckham:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dé góńgó. Ti ìrìn àjò yẹn lèmi fẹ́ dá sí. Níbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní WWOOF, láti 1971 ló ti wà, o lọ bá olóko ṣiṣẹ́ wákàtí mélòó kan lóòjọ́, ó fún ẹ lóúnjẹ àti ibùsùn, owó ò wọ̀ ọ́. Èmi fi líìfù mi ṣe é ní Wales, ọjọ́ kẹta ẹ̀yìn ń dùn mí débi tí mi ò lè so okùn bàtà, ó dáa bẹ́ẹ̀ torí ọ́fíìsì mi ṣì ń dúró dè mí. Mo dé Songhai náà. Àlùfáà kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Fada Nzamujo, ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí nǹkan tí wọ́n ń dà nù, wọ́n ń sin ìdin fún ẹja jẹ, koríko tó ń léfòó lórí ọ̀sà yẹn ni wọ́n fi ń ṣe gáàsì. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ má kàn máa ya fọ́tò, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ kó ìgbẹ́ adìyẹ. Ti bọ́dà, ọmọ ECOWAS ni yín, àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, ẹ ṣáà rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù yín.

Àdùkẹ́_Èkó:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ bi wọ́n lórí WhatsApp pé ta lọba. Wákàtí mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò fèsì. Nígbà tó yá ẹnì kan fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́, ẹnì kan jáde nínú gúrúùpù.

Mi ò tíì kọ̀wé. Mo ní líìfù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lóṣù kọkànlá, mo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan lọ Àjàṣẹ́, kí n lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ Bàbá Wèrèpè tí wọ́n bá gbà mí, màá ṣe ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí n ṣe. Mo sọ ọ̀rọ̀ aáró fún ìyá mi. Ẹkún dá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tí bàbá òun ń bá ṣe aáró lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé orí ẹnì kan, ó pòṣé, ó ní ọ̀lẹ nìyẹn. Ló bá ní kí n na ọwọ́ mi wá kóun wò ó.

Bàbá_Wèrèpè:
Máa bọ̀. Oṣù kọkànlá gan-an la máa ń ro ààlà iná. Ra bàtà róbà, má ra ọkọ́ l'Ékòó o, ẹrúkọ́ wọn gùn jù, ìyàwó mi á yá ẹ ní tiẹ̀.