Ère irin mi: iwájú dára, ẹ̀yìn ò ṣeé wò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Abuja níbí ni mo wà. Irin àlòkù tí mo ń rà lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì ní Àpò ni mo fi ń ṣe ère: ṣéènì ọ̀kadà, pílọ́ọ̀gì, bèárìn.

Lékeléke kan ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Tẹ́ ẹ bá dúró níwájú ẹ̀, ẹ ó ní ó fẹ́ fò. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti di pẹlẹbẹ bí abẹ. Ẹ̀yìn ńkọ́? Ojú ibi tí mo ti jó irin pọ̀ nìkan lẹ ó rí.

Iṣẹ́ tí El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Ghana yẹn, fi ìdérí ìgò ṣe wù mí gan-an, àmọ́ ara ògiri ni wọ́n sábà máa ń fi ìyẹn kọ́ sí. Èyí téèyàn á rìn yí ká ni mo fẹ́.

Ṣé kí n kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ kékeré ẹ̀ ni, àbí kí n fi wáyà ṣe egungun ẹ̀ ká tó jórin mọ́ ọn? Ẹnì kan ní kí n máa tan tọ́ọ̀ṣì sí i lálẹ́, kí n máa wo òjìji ẹ̀ lára ògiri. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Apá ẹ̀ tún wúwo ju ẹsẹ̀ lọ. Kí ni kí n fi sídìí ẹ̀ kó má baà dojú dé?

Ẹni tó bá ti ṣe é rí ni kó bá mi dá sí i, ẹ jọ̀ọ́.